Ojú Márùn-ún Nínú Fọ́tò Kan

Fọláyẹmí ti pé ọmọ ọdún méje kí ẹnikẹ́ni tó rí fọ́tò tó lè tọ́ka sí kó ní, "Ojú ọmọ náà rèé." Kì í ṣe pé wọn kì í yà á. Lọ́dọọdún, bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Igbó-Elérin bá ti parí, oní-fọ́tò á to gbogbo ìdílé náà síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun wọn, á ní kí wọ́n kọjú sí oòrùn, á sì tẹ̀ ẹ́. Tí fọ́tò bá jáde, Gbádébọ̀, bàbá wọn tó ń ṣe kápẹ́ńtà, wà níbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Ọlábísí àkọ́bí wọn àti Ọládàpọ̀ àbíkẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun funfun kan báyìí ló máa ń dúró láàárín wọn, bí ìgbà tí èèyàn fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé. Kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu.

Àfín ni Fọláyẹmí. Oòrùn ọ̀sán á da ara rẹ̀ àti aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, fọ́tò ò sì ní mọ ibi tí aṣọ parí sí tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sínú sítúdíò rí. Fíláàṣì bù yẹ̀rì, ọmọ náà fún ojú pọ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán gbinrin bí abọ́ tánganran nínú fọ́tò ọ̀hún.

Lọ́dún 1989, nígbà tí fọ́tò ìkórè dé, Fọláyẹmí ló kọ́kọ́ mú un. Ó gbé e sún mọ́ imú rẹ̀ gan-an, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wo gbogbo nǹkan.

"Màmá, èwo lèmi?"

Ọlábísí bá a fi ìka tọ́ka sí i. Ọmọ náà wò ó títí.

"Èyí ò ní ojú," ó ní. Ó rọra gbé fọ́tò náà sórí maṣíìnì ìyá rẹ̀, ó sì bọ́ síta.

Morẹ́nikẹ́ ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì náà, ó sì mú fọ́tò náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀ obìnrin, wọlé dé láti Ayétòrò. Ìyá wọn, Màmá Àmọ̀kẹ́, máa pé ọgọ́rin ọdún ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ sì ti fẹnu kò láti tẹ kàlẹ́ńdà fún un. Fọ́tò ìyá á wà láàárín, fọ́tò ìdílé ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì yí i ká. Abọ́sẹ̀dé ló ń ti ilé dé ilé gba fọ́tò jọ. Ó mú ti ìkórè náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyàwó wa, èyí ò ṣeé lò o. Ẹni tó bá rí i á rò pé àwọn atẹ̀wé ló bà á jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Èmi náà rí i."

"Ẹ ya òmíràn. Ẹ̀yin méjèèjì, Bísí àti Dàpọ̀. Kí àfín yìí jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Mi ò kórìíra rẹ̀ o, Ọlọ́run ló fún wa. Àmọ́ fọ́tò ò gba irú wọn ni."

Fọláyẹmí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó ń ṣa òwú jọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Morẹ́nikẹ́ rí i.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," ó ní. "Tí Fọláyẹmí ò bá sí nínú rẹ̀, ilé Gbádébọ̀ ò sí nínú kàlẹ́ńdà náà nìyẹn. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Màá fún yín ní fọ́tò tí ojú gbogbo wa hàn nínú rẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí àbúrò rẹ̀. Gbádébọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Ó họ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ohun tó sọ yẹn, Àǹtí mi, òun náà lèmi sọ."

"Kò burú. Ní ìparí oṣù ni mò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Tí mo bá yà síbí tí kò sí fọ́tò, ààyè yín á ṣófo. Kí Màmá má wá bi mí o, ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lóhùn."

Kámẹ́rà kékeré kan wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn wọn. Ọ̀gá kan tí Gbádébọ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ní Iba ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń kó kúrò lágbègbè náà, kò sì sẹ́ni tó tíì lò ó. Morẹ́nikẹ́ gbé e jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlíù, oní-fọ́tò tó máa ń ya ìkórè wọn, ní sítúdíò rẹ̀ nítòsí gáréèjì Okokomaiko.

"Bọ̀ọ̀dá Àlíù, kí ló dé tí ojú ọmọ mi kì í hàn?"

Àlíù fa àga fún un. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, èèyàn jẹ́jẹ́.

"Ìyá Bísí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé kí n fẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹni tí mò ń yà kọjú sí i. Ẹni tó bá dúdú á hàn kedere bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní kí n dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí ọmọ yín, bàbá rẹ̀ á ṣú bí èédú, eyín rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ọ̀kan lẹ máa mú níbẹ̀."

"Méjèèjì ni mo fẹ́."

Àlíù rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó ki fíìmù bọ inú kámẹ́rà fún un, ó fi àwọn àmì tó wà lójú rẹ̀ hàn án: àmì oòrùn, àmì oòrùn tí ìkùukùu bo ìdajì rẹ̀, àti àmì ìkùukùu nìkan. "Ẹ yí i sí irú ojú ọjọ́ tó bá wà. Tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ di èémí yín mú. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ń ba fọ́tò jẹ́ ju oòrùn lọ."

Fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, ibi gbogbo ni Morẹ́nikẹ́ yà á tán sí. Ó to àwọn ọmọ síwájú wíńdò yàrá, ó tò wọ́n sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá títì, ó tò wọ́n sínú pásééjì. Àwọn ará ilé ń bi í bóyá ó ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò tíì fi í sílẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, kò sí èyí tó dára níbẹ̀. Àwọn tó yà níwájú wíńdò dúdú kirimú, torí wíńdò náà ló gba gbogbo ìmọ́lẹ̀, àwọn ọmọ wá dà bí òjìji. Lábẹ́ igi fúrúùtù, oòrùn yọ́ gba àárín ewé kọjá, ó sì fi àmì tótòtó sí gbogbo wọn lójú bí ara ẹkùn. Èyí tó yà nínú pásééjì ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n. Gbádébọ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bísí, o gbìyànjú," ó ní. Orúkọ àkọ́bí wọn ló fi máa ń pè é nígbà mìíràn. "Bóyá ká fi sílẹ̀."

"Mi ò fi sílẹ̀."

Kò ju fọ́tò kankan nù. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lójú ibi tó ti ń ránṣọ, ó ń wò wọ́n bó ṣe ń wo aṣọ tí kò bá oníbàárà mu, láti mọ ibi tí àlùmọ́gàjí ti ṣì í gé.

Tí Fọláyẹmí bá ti iléèwé dé, iṣẹ́ kan wà tí Morẹ́nikẹ́ kì í fi jáfara. Ó máa fi ìpara pa ètè àti etí ọmọ náà níbi tí oòrùn bá ti jó o, láìka fìlà etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń dé sí. Ibì kan náà ló máa ń mú un jókòó sí, ìyẹn fàráńdà ẹ̀yìn ilé, lórí bẹ́ǹṣì. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti rékọjá òrùlé sí iwájú ilé, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á wà ní ibòji, ojú ọ̀run nìkan láá máa tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó gbá àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó yí ojú rẹ̀ síta kó lè rí ètè rẹ̀ dáadáa. Ìpara wà ní ìka rẹ̀. Ó dúró.

Fọláyẹmí ò fún ojú pọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ tó máa ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún rọlẹ̀ díẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ tó rí bí òwú góòlù hàn, àwọn àmì pupa kéékèèké tó wà lórí imú rẹ̀ hàn, kòtò kékeré abẹ́ ètè rẹ̀ náà hàn.

"Màmá, kí lẹ ń wò?"

"Ìwọ ni," Morẹ́nikẹ́ ní. Láti ọjọ́ tó ti bí i ló ti ń gbé e wá síbí nígbàkigbà tó bá fẹ́ rí i. Bí òun bá rí i kedere níbí, kí ló dé tí kámẹ́rà ò ní rí i?

Ó ké sí Ọládàpọ̀. Ọmọ náà dúdú bíi bàbá rẹ̀. Nígbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Morẹ́nikẹ́ fà á wá sí etí fàráńdà lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ojú rẹ̀ wá hàn. Ó fi Fọláyẹmí sílẹ̀ lẹ́yìn, nítòsí ògiri. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀yìnkùlé, ó yíjú padà wò wọ́n. Ojú méjèèjì wà níbẹ̀. Ó tún pe Ọlábísí, ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó ní kó gbé àgbọ̀n sókè. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ebi ń pa àwọn. Kò gbọ́ wọn.

Gbádébọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, lẹ́búlẹ́bú igi wà nínú irun rẹ̀, kò sì tíì mu omi tí ìyàwó rẹ̀ fi fi í jókòó síwájú gbogbo wọn. Ojú tirẹ̀ nìkan ló kù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta, ojú rẹ̀ méjèèjì sì jìn sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ṣú.

"Ṣé mo lè dìde?" ó béèrè. "Sùtánà wà lórí okùn, òjò sì ń ṣú."

Ó lọ ń ká wọn. Bó ṣe dojú kọ okùn tó na ọwọ́ mú sùtánà àkọ́kọ́, tí aṣọ funfun náà rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ figbe ta.

"Bàbá Bísí, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má mira!"

Gbádébọ̀ gan pa. "Kí ni? Ṣé ejò ni?"

"Ẹ tún gbé aṣọ yẹn sókè díẹ̀." Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára aṣọ náà ń padà sókè sí ojú rẹ̀. Ó wọ abẹ́ iwájú orí rẹ̀, ó tan ojú rẹ̀ méjèèjì, ó tan ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ò rí ọkọ rẹ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

"Aṣọ àdúrà mi kọ́ lo máa fi ya fọ́tò o."

"Màá lo bẹ́díṣíìtì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wò yín."

Ó tún ṣiṣẹ́ kan. Ó wá ègé aṣọ búlúù tó jinlẹ̀, ó rán an fún Fọláyẹmí, nítorí ó ti rí i pé funfun lórí funfun ló ń gbé ọmọ náà mì. Lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n sì jẹun tán, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ sùtánà. Òun àti Ọlábísí gbé maṣíìnì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé kámẹ́rà lé e lórí kó má baà gbọ̀n, ó sì yí i sí àmì ìkùukùu. Ó so bẹ́díṣíìtì funfun mọ́ àga méjì níwájú Gbádébọ̀, nísàlẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i.

Bí wọ́n ṣe jókòó tán ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ta padà lára páànù ilé kejì, ó tàn yanran bọ́ sí fàráńdà. Fọláyẹmí fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ jẹ́ ká dúró," Morẹ́nikẹ́ ní.

Wọ́n dúró. Ọládàpọ̀ sá lọ, wọ́n mú un padà. Gbádébọ̀ ní ṣebí ó kàn lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ná, Morẹ́nikẹ́ ní rárá, kò ní tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dúró ti maṣíìnì náà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé yóò dé. Nígbà tó yá, ìkùukùu bo oòrùn. Dídán páànù náà rọlẹ̀.

"Fọláyẹmí, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń ta ọ́ lójú?"

"Rárá, Màmá."

"Wò mí."

Ó di èémí rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́.

Àlíù tó fọ fíìmù náà ò dúró kí Morẹ́nikẹ́ wá gbà á. Òun fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà láti Okokomaiko wá sí Igbó-Elérin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí fọ́tò náà jáde. "Mo ti wò ó lọ́nà," ó ní, ó sì nà án sí wọn. Fọláyẹmí ló já a gbà. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Bàbá rèé. Bísí rèé. Dàpọ̀ rèé, ọwọ́ rẹ̀ ti sá lọ." Ó gbé e sún mọ́ ojú sí i. "Èmi rèé. Mò ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín."

Morẹ́nikẹ́ fi ìdí lé bẹ́ǹṣì. Àmọ́ ọmọ náà ò tíì gbé fọ́tò kúrò lójú.

"Màmá, ẹ̀yin dà?"

Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ojú mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Nínú gbogbo títò tó ń tò wọ́n, Morẹ́nikẹ́ gbàgbé pé òun náà wà nínú ìdílé. Gbádébọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Kò burú, a máa fún Àǹtí bẹ́ẹ̀. Ó kúkú dára."

"Rárá o," Fọláyẹmí ní. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Màmá ti sọ fún Àǹtí pé gbogbo wa ni. Àfi kí Màmá náà wà níbẹ̀."

Gbádébọ̀ wo ọmọ, ó wo ìyá, ó sì gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n borí. Àlíù kó àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ilẹ̀ ti ń ṣú lónìí. Lọ́la, nígbà tó bá tó àkókò tí ẹ máa ń yà á, màá wà níbí. Ẹ ṣáà sọ ibi tí màá dúró fún mi."

Ọjọ́ kejì náà ni Abọ́sẹ̀dé dé láti gba fọ́tò. Nígbà tó yọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì, Morẹ́nikẹ́ láàárín wọn, Àlíù lẹ́yìn maṣíìnì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bẹ́díṣíìtì sókè sódò. Okùn ti tú lápá kan.

"Kí lẹ ń ṣe níbí? Ẹ ò sì tíì ya fọ́tò náà!"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di etí aṣọ yẹn mú. Níwájú Bàbá Bísí yẹn. Ẹ gbé e rẹlẹ̀ díẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé kùn, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó di aṣọ mú. Ibi tó dúró sí yìí, ẹ̀gbẹ́ kan níwájú wọn ni, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Ó ti ń wá sílé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Fọláyẹmí, àmọ́ nínú oòrùn ló máa ń bá a, ojú ọmọ náà á wà ní fífún pọ̀, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ọmọ náà gbójú sókè nínú ibòji, ó sì ń wò ó tààrà. Abọ́sẹ̀dé ò kùn mọ́.

"Gbádébọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé o ti wo àgbọ̀n ọmọ yìí rí? Àti kòtò abẹ́ ètè yẹn? Màmá wa mà nìyí. Màmá ló jókòó sẹ́yìn rẹ yẹn."

Gbádébọ̀ fẹ́ yíjú wẹ̀yìn.

"Ẹ má yíjú o!" Morẹ́nikẹ́ ní. "Àǹtí mi, aṣọ náà ń já bọ́! Ẹ gbé e sókè!"

Àlíù tẹ̀ ẹ́.

Abọ́sẹ̀dé ò lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ náà. Ó sùn sọ́dọ̀ wọn títí wọ́n fi fọ fọ́tò ọ̀hún jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì dì í sínú ìwé kó má baà ká. Ṣùgbọ́n kó tó dì í, ó jókòó tì í, ó pe Fọláyẹmí kó wá jókòó ti òun, ó ń fi ìka tọ́ka sí àgbọ̀n kan, ó ń sọ bí Màmá Àmọ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ tirẹ̀ síwájú tí inú bá ń bí i. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Morẹ́nikẹ́ náà ò sì béèrè fún un.

Nínú kàlẹ́ńdà tí wọ́n gbé kọ́ pálọ̀ Màmá Àmọ̀kẹ́ ní Ayétòrò, ojú márùn-ún ló wà nínú fọ́tò ìdílé Gbádébọ̀, kò sì sí èyí tó ṣú tàbí tó parẹ́ níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ń wo kámẹ́rà. Ti Morẹ́nikẹ́ nìkan ni kò wò ó. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí bẹ́díṣíìtì ti fẹ́ já bọ́. Gbádébọ̀ ní òun á san owó kí Àlíù tún un yà, kí ojú ìyàwó òun lè rí bí ojú èèyàn tó jókòó jẹ́jẹ́. Morẹ́nikẹ́ ní kó fowó rẹ̀ pamọ́. Oníbàárà kan ń dúró de aṣọ, òun sì ti gbé maṣíìnì padà sí àyè rẹ̀.